Ta Ni Kámẹ́rà Ń Kì?

Ẹni tí ó bá fi ìrọ̀lẹ́ kan jókòó síwájú amóhùnmáwòrán, tí ó ń wo fídíò orin àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ ohun tí ń bọ̀ kí ó tó dé: ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni yóò kọ́kọ́ yọ, ilé alájà púpọ̀ yóò tẹ̀ lé e, olórin yóò bọ́ sílẹ̀ tòun ti dígí dúdú lójú àti ẹ̀wọ̀n wúrà lọ́rùn, àwọn ọmọge oníjó yóò tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ kan náà, owó bébà yóò sì máa fò kiri lójú òfuurufú. Àwọn àgbà a máa mi orí, wọn a ní Amẹ́ríkà ni ó kó àṣà yìí ràn wá. Èmi kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun rẹ̀, a óò rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí ojú ń rí nínú fídíò orin wa ni ó ti wà lóde àríyá àwọn baba wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà wọ ibẹ̀, àti pé ohun tí ó yí padà gan-an kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ijó, bí kò ṣe ẹni tí a ń kì.

Kí a má baà fi ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ dù ú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti òkèèrè. Ní 1940, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń gbóná, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Panoram kalẹ̀ sí ilé ọtí àti ilé oúnjẹ, tí ènìyàn yóò ju owó ẹyọ sí, tí yóò sì wo fíìmù orin kékeré tí wọ́n sọ ní Soundies. Nígbà tí ó di 1960 àti àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn Faransé náà gbé tiwọn jáde, Scopitone, aláwọ̀ mèremère. Níbẹ̀ ni a ti fi ìdí àṣà kan múlẹ̀ tí kò tíì yẹ̀ títí di òní, pé kí olórin máa ya ẹnu tẹ̀ lé orin tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó sì kọjú sí kámẹ́rà gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òǹwòran ni ó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí ó di 1966, tí ó sú àwọn Beatles láti máa sáré láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan sí òmíràn, wọ́n ya fíìmù “Paperback Writer” àti “Rain”, wọ́n sì ní kí fíìmù máa lọ ní ipò àwọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1981 ni MTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tí kò ní ohun mìíràn í ṣe ju kí ó máa fi fídíò orin hàn tọ̀sán-tòru. Àwọn olórin aláwọ̀ dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè níbẹ̀ títí Michael Jackson fi fi “Billie Jean” ti ilẹ̀kùn náà ní 1983. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni “Thriller” jáde, tí John Landis darí, tí ó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ó dín díẹ̀, tí ó lọ́ ìtàn, ijó àti ẹ̀rù òkú pọ̀ mọ́ ara wọn. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é ní iṣẹ́ ọnà. Síbẹ̀síbẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni ó ń sanwó rẹ̀, ìpolówó ọjà ni ó sì jẹ́ níṣàlẹ̀ ikùn. Ìdí nìyí tí orúkọ olórin, orúkọ orin, orúkọ àwo àti orúkọ ilé iṣẹ́ fi máa ń hàn ní igun ìsàlẹ̀, bí orin bá bẹ̀rẹ̀ àti bí ó bá ń parí.

Ṣùgbọ́n ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Panoram tó dé ilé ọtí kankan ní Amẹ́ríkà ni àwọn alárìnjò ti ń gba ojú agbo ká ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń pa ara dà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n ń di òyìnbó, tí wọ́n ń di erè, tí wọ́n ń di ẹkùn, tí àwọn obìnrin ilé wọn ń gbe orin lẹ́yìn wọn, tí wọ́n sì ń kì olówó àdúgbò títí tí yóò fi ti ọwọ́ bọ àpò. Nígbà tí Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1945, tí ó sì ń gbé e káàkiri láti ìlú dé ìlú, orin ìṣíde ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, èyí tí àwọn òṣèré ń pè ní opening glee: àwọn oníjó yóò wọlé nínú aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ wọn yóò máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gá yóò sì dúró láàárín. Ẹni tí ó bá rí ọ̀wọ́ oníjó tí ń jó lẹ́yìn olórin nínú fídíò òní, tí ó sì rò pé ọ̀dọ̀ Michael Jackson nìkan ni ó ti wá, kò mọ Ogunde.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ní Ìbàdàn mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí rẹ̀ ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Kámẹ́rà ayé ìgbà náà wúwo, kò sì lè sáré kiri. Nítorí náà ìdúró ni olórin dúró: ọ̀gá tòun ti gìtá rẹ̀ ní àárín gbùngbùn, àwọn elégbè lọ́tùn-ún lósì, ìlù lẹ́yìn, gbogbo wọn á sì máa mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdúró yìí ti wọ ẹgbẹ́ jùjú lára débi pé nígbà tí kámẹ́rà wá fúyẹ́, tí ó lè bá wọn rìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kúrò lójú kan. Ní ìgbà náà kò sí odi gíga láàárín olórin àti òṣèré: Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, olórin ni kí ó tó di aláwàdà, inú ẹgbẹ́ orin rẹ̀ sì ni Sunny Ade ti jáde ní 1967 láti lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di tiwa pátápátá ni òde ìnáwó. Owó epo rọ̀bì tí ó ya wọ ìlú láàárín ọdún 1970 sí 1980 kò fi bẹ́ẹ̀ kan tálákà lára, ṣùgbọ́n ó sọ ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìwúyè di ohun tí a ń dí títì fún, tí a ń pa màlúù fún, tí a ń gbé jùjú tàbí fújì wá fún láti àṣálẹ́ mọ́jú. Nígbà tí fídíò onítéèpù wá dé ọjà, tí kò sì sí ilé olówó kan tí kò sí, oní-fídíò di ẹni tí a ń san owó fún bí a ṣe ń san fún alásè àti oníbùdó ìjókòó. Ẹni tí ó bá ti wo irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ rí mọ ìlànà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gbé kámẹ́rà lé èjìká, òmíràn á gbé iná ńlá tí wáyà rẹ̀ gùn gbọọrọ tẹ̀ lé e. Ibi tí iná náà bá kọjú sí, ìyá olóyè á tún gèlè ṣe, bàbá olóyè á ká apá agbádá lé èjìká, ẹni tí ń jẹun á fi ṣíbí sílẹ̀. Kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà, á máa gun aṣọ ẹbí lọ díẹ̀díẹ̀, léèsì, ìlẹ̀kẹ̀, títí tí yóò fi dé ojú. Bí wọ́n bá ń lẹ náírà mọ́ olórin níwájú orí, kámẹ́rà á tọ ọwọ́ tí ń lẹ owó padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ọwọ́. Ọmọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa ṣa owó sínú àpò; òun nìkan ni kámẹ́rà kì í fẹ́ rí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Kámẹ́rà òde ìnáwó kì í pẹ́ lójú olórin. Sunny Ade ni ó ń kọrin, tàbí Ebenezer Obey, tàbí Sikiru Ayinde Barrister, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dárúkọ ẹnì kan báyìí, tí ó kì í dé baba, tí ó kì í dé ìyá, tí gángan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, iná oní-fídíò á ti yí kúrò lára rẹ̀, á máa wá ẹni tí a dárúkọ láàárín èrò. Bí ó bá sì rí i, á dúró tì í pẹ́ títí, nígbà tí ohùn olórin kàn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Nínú irú fídíò yìí, ohùn olórin ni ó wúlò, ojú ọlọ́lá ni a ń wò. Obey ti fi ọ̀nà náà hàn lórí rẹ́kọ́ọ̀dù kí fídíò tó di ohun gbogbo ènìyàn: ní 1972 ó ṣe àwo kan tí ó pè ní “Board Members”, tí ó fi ń dárúkọ àwọn ẹni ńlá tí ń bẹ lẹ́yìn orin mìlíkì rẹ̀. Nígbà náà etí nìkan ni ó gbọ́ wọn. Oní-fídíò ni ó wá fi wọ́n han ojú, tí kásẹ́ẹ̀tì wọn sì ń tẹ ọwọ́ ìbátan ní Lọ́ńdọ̀nù kí ìyókù ọtí òde náà tó tán nílé. Kì í ṣe pé oní-fídíò kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, tàbí pé kò mọ̀ pé olórin lókìkí ju onílé lọ. Ó mọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí olórin jùjú Shina Peters gbé àwo “Ace” jáde ní 1989, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sáré tẹ̀ lé e kiri Èkó, ó ti ń hàn pé olórin fúnra rẹ̀ lè di ẹni àpéwò. Ṣùgbọ́n ọjà kò tíì yí. Láti 1992, tí Kenneth Nnebue fi “Living in Bondage” han àwọn oníṣòwò pé owó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tí a bá ya fíìmù sí, Ìdúmọ̀tà ní Èkó Àkéte di ibi tí gbogbo fídíò ti ń tú jáde, ti eré àti ti orin, ti onífújì àti ti oníwàásù. Nígbà tí pẹlẹbẹ VCD sì rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ wálẹ̀ débi pé mẹkáníìkì abẹ́ igi lè ra fídíò onífújì bíi Pasuma tàbí Saheed Osupa lọ sílé. Fídíò “live play” àwọn onífújì kò yàtọ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì òde ìnáwó, àyàfi pé a ń tà á. Àwọn mìíràn a máa há eré kékeré sí i, kí àwọn òṣèré tíátà máa jà nítorí ọkọ nígbà tí orin ń lọ lábẹ́ rẹ̀, bí eré náà kò tilẹ̀ bá orin náà tan rárá.

Àwọn olórin ìyìn Ọlọ́run ni mo kà sí ẹni tí ó sọ ìlànà di òfin jù lọ. Ọgbà òdòdó hòtẹ́ẹ̀lì kan ni wọn yóò wà, ẹ̀bá ibi tí omi ti ń tú sókè. Ìyá ajíhìnrere a wé gèlè aláwọ̀ ewé, àwọn elégbè obìnrin mẹ́rin a tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ kan náà, wọn a gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, wọn a gbé e padà. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ orin kejì, aṣọ á ti yí padà. Bí ó bá dé ibi àdúrà, àwọsánmà á gba ojú fídíò, oòrùn á là láàárín rẹ̀. Àwọn ọlọ́fíntótó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó: àwọn fídíò olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyẹn wọ ilé tí orin olówó gọbọi kò wọ̀, wọ́n sì gbé ohùn irú Tope Alabi, ẹni tí orin inú fíìmù kọ́kọ́ sọ di mímọ̀, dé iyàrá àwọn tí kò lọ sí sinimá rí láyé.

Àyípadà ńlá bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá. Ní 1998 ni Kehinde Ogungbe àti Dayo Adeneye, tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí Keke àti D1, dá Kennis Music sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ètò wọn lórí tẹlifíṣọ̀n AIT polówó orin àwọn ọmọ ìgboro tí wọn kò ní olóyè kankan lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2005, MTV Base wọ ilẹ̀ Áfíríkà. “African Queen” tí 2Face Idibia kọ ni ó fi ṣíde. Láti ọjọ́ náà ni olórin Èkó ti mọ̀ pé bí fídíò òun kò bá mọ́ lójú tó, wọn kò ní gbà á wọlé, bí ó bá sì mọ́ tó, ọmọ Nàìróbì àti ọmọ Johannesburg yóò rí òun lójú kan náà pẹ̀lú ọmọ Ṣúúrùlérè. Àwọn tí ọwọ́ wọn tó o bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Gúúsù Áfíríkà láti lọ ya fídíò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibi yìí gan-an ni kámẹ́rà ti yí ojú padà. Kò sí bàbá olóyè mọ́ tí yóò jókòó ní ìjókòó iwájú. Ilé iṣẹ́ fóònù tí ń wá ojú tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ni ó ń sanwó, àti àwọn tí ń pe olórin sí òde òkèèrè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí a ki òun dé ọ̀dọ̀ baba ńlá òun. Ẹni tí a óò kì wá di àwátì nínú orin tí ìkìni jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Kí ni olórin ṣe? Ó gbé agbádá ọlọ́lá wọ̀ fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí bàbá olóyè ti dìde, ó wọ inú ọkọ̀ bàbá olóyè, ó dárúkọ ara rẹ̀ nínú orin ara rẹ̀, ó ki ara rẹ̀, ó sì ní kí owó tí àwọn ènìyàn ń lẹ mọ́ òun níwájú orí tẹ́lẹ̀ máa já bọ́ láti ọwọ́ òun. Kámẹ́rà tí ó máa ń gun aṣọ lọ láti orí bàtà kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bàtà ẹlòmíràn ni ó kàn ń bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀ báyìí. Mo mọ̀ pé Amẹ́ríkà fi kún un: kámẹ́rà tí ń wú ojú ènìyàn bọ̀ǹbọ̀, èyí tí olùdarí fídíò Hype Williams fi gbajúmọ̀ láàárín 1990 sí 1999, dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n wúrà àti ṣòkòtò gbẹ̀rẹ́gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ààyè ọlọ́lá tí olórin jókòó sí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, òun ni ààyè tí Obey ti gbẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ní lòdì sí i kò ju ọ̀kan lọ. Ọlọ́lá àtijọ́ ni ó ni ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ àti ilé tí à ń wò nínú fídíò òní, ọjọ́ kan ni wọ́n fi yá wọn, ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni í mu. Àwọn ọmọdé tí ń wò ó kò mọ̀ pé àgbàbọ̀ ni.

Èrè kan wà tí àyípadà yìí mú wá, tí ó sì dára. Bí eégún ẹni bá jó ire, orí a yá atọ́kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọdún gbọọrọ, a kò mọ atọ́kùn fídíò lórúkọ. Nísinsìnyí, kí ohùn orin tó dún ni orúkọ olùdarí ti ń hàn, àwọn ọmọ ìgboro sì lè sọ iṣẹ́ Clarence Peters yàtọ̀ sí ti TG Omori bí wọn kò tilẹ̀ rí orúkọ. Clarence yìí, ọmọ Shina Peters ni, òṣèré Clarion Chukwura ni ìyá rẹ̀. Orí ìtàgé bàbá rẹ̀ àti iwájú kámẹ́rà ìyá rẹ̀ pàdé nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ó darí “Ojuelegba” tí Wizkid kọ, tí ó jáde ní 2015, níbi tí kámẹ́rà ti fi Lẹ́kí sílẹ̀ tí ó padà sí ìgboro. Ní 2017 Olamide lọ ya “Wo!!” láàárín èrò ní Bàríga, pẹ̀lú ijó tí ọmọ àdúgbò èyíkéyìí lè jó, ijó náà tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìlera ní èéfín sìgá inú rẹ̀ tako òfin tábà ti 2015. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 náà wà níbẹ̀, tí ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a máa fọ́n náírà lóde ijó tàbí kí a máa jó lé e lórí. Bí a bá fi òfin yìí mú fídíò orin, mélòó ni yóò kù?

Lẹ́yìn odò, àwọn ọmọ wa tí òwò ẹrú kó lọ ní ẹlòmíràn tí wọ́n ń kì. Ní 1996 Michael Jackson gbé Spike Lee lọ sí Pelourinho ní Salvador, ní Bàhíà, láti ya “They Don't Care About Us” pẹ̀lú ìlù ẹgbẹ́ Olodum. Kò sí ọkọ̀ bọ̀gìnnì kankan níbẹ̀, ìlù ni ó gba gbogbo ojú fídíò. Nígbà tí Beyoncé gbé “Lemonade” jáde ní 2016, ọmọ Yorùbá kan, Laolu Senbanjo, ni ó fi ọ̀dà funfun kun ara àwọn oníjó rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ṣíwájú gbogbo wọn ni “River”, tí Ibeyi, àwọn ìbejì ọmọ onílù Kúbà, Angá Díaz, ṣe ní 2014: àwọn arábìnrin méjì, omi, ọwọ́ tí ń rì wọ́n tí ó tún ń gbé wọn sókè láti kọrin, àti Ọ̀ṣun tí wọ́n ń ké pè. Ìyẹn nìkan ni ó wà níbẹ̀, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ àyálò lọ.

Wàyí o, iye owó fídíò ti pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ olórin kàn ń ya àwòrán kan tí ń mì díẹ̀díẹ̀ lé orin wọn lórí, wọn a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ń jó nínú fóònù máa ṣe ìyókù. A óò rí ibi tí ìyẹn yóò já sí. Èyí tí ó jẹ mí lógún ni ti àtẹ̀yìnwá. Ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ téèpù àtijọ́ ni wọ́n ti gba ètò mìíràn lé lórí nítorí téèpù wọ́n; ohun tí ó kù nípa ìgbà tí kámẹ́rà ṣì ń ki ọlọ́lá wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ìdílé, níbi tí ooru àti ìkán ti ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ní irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nílé, ti ìsìnkú màmá àgbà ni o, ti ìwúyè bàbá ni o, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò dà á sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì bi àwọn àgbà tí ó ṣẹ́ kù nínú ilé ní orúkọ oní-fídíò tí ó yà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.